Àgọ́ Onírin fún Katakata Ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ilé búlọ́ọ̀kù lè fi páìpù irin àti páànù kọ́ àgọ́ tó tẹ̀ bí òṣùmàrè fún katakata. Páìpù àlòkù tí kò tíì dípẹtà dára tó. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ rọ yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ó má baà fún pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣahun sí ìdí rẹ̀ o! Ìjì òjò àkọ́rọ̀ a máa gba abẹ́ páànù wọlé, a sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 fún ẹsẹ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kọnkéré dì í, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó de páànù mọ́ ọn. Ẹ má kó ajílẹ̀ inú àpò síbẹ̀. Ó ń jẹ irin.