Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: ohun tó yẹ kí ìdánwò ètò kọ̀ǹpútà sọ fún wa

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó mú un kọsẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa ní Ìdáàṣà, nítorí ìlú oríta ni ìlú wa. Níbí ni ọ̀nà tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Arìnrìn-àjò tó fẹ́ dé Parakou, tó wá bá ara rẹ̀ ní Savalou, kò jèrè púpọ̀ bí a bá kàn sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni kí ó mọ̀ pé oríta Ìdáàṣà ni òun ti yà sí ọwọ́ òsì.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ń bá pàdé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ ètò kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa kọ ìdánwò tì í, èyíinì ni ètò kékeré mìíràn tó ń bi ètò ńlá léèrè bóyá èsì tó mú wá ni èsì tó yẹ. Bí èsì bá tọ̀nà, ìdánwò a dákẹ́. Bí kò bá tọ̀nà, a figbe ta. Ṣùgbọ́n kí ni igbe náà ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ bí a ti ń ṣírò moyenne. A ó sọ àmì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí a gbà lórí 20, di púpọ̀ pẹ̀lú coefficient rẹ̀. A ó ro wọ́n pọ̀. A ó sì fi àpapọ̀ coefficient pín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 14 nínú iṣẹ́ tí coefficient rẹ̀ jẹ́ 3, tó sì gba 8 nínú èyí tí coefficient rẹ̀ jẹ́ 2, ní àpapọ̀ 58. Bí a bá fi 5 pín in, moyenne rẹ̀ jẹ́ 11,6. Ká ní ètò tí ọ̀dọ́ kan kọ ní èdè Python wá mú 11 jáde ńkọ́?

Ìdánwò tó rọrùn jù ní Python ni ìlà yìí: assert m == 11.6. Bí ó bá kùnà, Python fúnra rẹ̀ yóò fi ìlà náà hàn, yóò sì kọ AssertionError sí i. Kò sọ iye tí m jẹ́. Ohun èlò unittest, tó ti wà nínú Python láti ọdún 2001, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: assertEqual rẹ̀ yóò sọ pé 11.0 kò bá 11.6 dọ́gba. Síbẹ̀, a kò tíì mọ ibi tí 11 ti wá. Ó lè jẹ́ pé ètò gbàgbé coefficient: 14 àti 8 jẹ́ 22, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 11. Ó sì lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ètò lo àmì // dípò /, èyí tó ń gé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdá nù, tí 11,6 fi di 11.

Àìsàn méjì ni, àmì kan náà ni wọ́n ń fi hàn. Ìyàtọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 12 pẹ̀lú coefficient 3, àti 7 pẹ̀lú coefficient 2, ní moyenne 10 géérégé: ó yege. Àṣìṣe kejì kò ní pa á lára. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àṣìṣe àkọ́kọ́, 9,5 ni ètò yóò kọ fún un, a ó sì sọ fún ọmọ tó yege pé ó kùnà.

Ibí ni wíwo ẹ̀yìn ti wúlò. Nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, Python a máa tẹ ohun tí wọ́n ń pè ní traceback jáde. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ipasẹ̀ àṣìṣe. Ìpè àkọ́kọ́ ló wà lókè, ìpè tó kẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a ti ń kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà lásán ni ipasẹ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ dà bí yàrá tí a kò tíì gbá, tí gbogbo orúkọ àti iye tó wà níbẹ̀ nígbà ìṣubú ṣì wà níbi tí a fi wọ́n sí. Ètò mìíràn lè wọlé lọ wò wọ́n.

Ohun tí nose, ohun èlò ìdánwò tí Jason Pellerin dá sílẹ̀, ṣe nìyẹn. Bí a bá pa á láṣẹ, ó ń tọ ipasẹ̀ dé yàrá tó kẹ́yìn, ó ń mú ìlà tó kùnà, ó sì ń fi iye rọ́pò orúkọ. Pytest, èyí tí Holger Krekel ará Jámánì bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ ń tún ìlà náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè mọ iye inú rẹ̀. Ewu wà níbẹ̀: bí ìlà náà bá ń yọ nǹkan kúrò nínú àpò, yíyọ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní bá ohun kan náà níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2011, nínú pytest 2.1, Benjamin Peterson mú ọ̀nà mìíràn wá: pytest ń tún assert kọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè máa pa iye kọ̀ọ̀kan mọ́ bó ti ń lọ. Python fúnra rẹ̀ náà kò dúró sójú kan: láti 3.11, tó jáde ní 2022, ipasẹ̀ ń fa àmì sábẹ́ apá ìlà gan-an tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀.

Bí a bá kọ pytest -l, yóò tẹ gbogbo orúkọ àti iye inú yàrá náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: yàrá tó ṣì ṣí sílẹ̀ nìkan ló lè wò. Ẹ̀ka ètò tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, tó ti dá èsì padà, ti palẹ̀ mọ́ kúrò lójú ipasẹ̀. Nítorí náà, ó dára kí ìdánwò gba ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́:

apapo = ro_po(ami, coef)
olupin = ro_coef(coef)
m = pin(apapo, olupin)
assert m == 11.6

Bí ó bá kùnà báyìí, tí a rí apapo = 58.0 àti olupin = 5, a mọ̀ pé pípín ló bàjẹ́. Bí a bá rí 22.0 àti 2, coefficient ni a gbàgbé. Kò sí ìdí láti máa méfò mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń sọ Yorùbá àti Faransé ní ọ̀nà tirẹ̀. Faransé ni a fi kọ́ wa ní ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni kọ̀ǹpútà fi ń figbe ta. Bí olùkọ́ bá tẹ 11,6 gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní kíláàsì, Python kò ní gbà á, nítorí àmì ìdánudúró ló ń retí, kì í ṣe kọ́mà. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣì rí '11,6' nínú igbe náà, yóò sì fura sí kọ́mà. Nọ́ńbà kò nílò ògbufọ̀.

A tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Python gbà kí a fi ọ̀rọ̀ tiwa sí ìparí assert, tòun ti àmì ohùn rẹ̀: assert m == 11.6, "Moyenne kò pé: wo pípín". Pytest yóò tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, yóò sì fi iye tì í. Ohun kan ṣoṣo ni kí a ṣọ́ra fún: ipasẹ̀ tó ń sọ gbogbo iye lè sọ orúkọ ọmọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú. Kí a kà á wò kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìdánwò, ẹ rántí ẹni tí yóò ka igbe rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kùnà. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́. Ẹ fi oríta tí ẹsẹ̀ ti yà hàn án.