Omi kànga ń rùn bí bẹntiróò: ṣé bílíìṣì lè wẹ̀ ẹ́ mọ́?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí omi ẹ̀rọ Yemoji ò bá yọ, kànga la máa ń sáré lọ bá. Òun la fi ń fọṣọ, òun la fi ń se ọbẹ̀, òun náà la fi ń mu gààrí. Tí èèyàn bá wá fura pé omi ọ̀hún ò dáa mọ́, á da bílíìṣì díẹ̀ sí i, tàbí kó ju álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Fún kòkòrò àìfojúrí àti ìdọ̀tí, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé òórùn bẹntiróò lomi ń rùn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí o. Ní Barúwà, lọ́nà Ìpájà l'Ékòó, epo tó ń jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ba kànga aráàlú jẹ́. Ní ilẹ̀ Ògóni, àbọ̀ ìwádìí tí UNEP gbé jáde ní 2011 sọ pé benzene tó wà nínú kànga tí wọ́n ń mu ní Nisisioken Ogale fi ìlọ́po tó ju 900 lọ kọjá ibi tí WHO ní kó mọ. Inú bẹntiróò ni benzene máa ń wà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí WHO fọwọ́ sí ò ju gíráàmù kan nínú lítà 100,000 omi. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tánkì oní-lítà 1,000, ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀! Ẹ wá wo bí ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ṣe wà láàárín ilé wa.

Kí ló dé tí bílíìṣì ò fi lè kápá ẹ̀? Iṣẹ́ tí bílíìṣì ń ṣe ni wọ́n ń pè ní oxidation: kí nǹkan kan já electron gbà lọ́wọ́ òmíràn. Òun náà ló ń mú kí irin dógùn-ún. Bílíìṣì ta sí àdìrẹ, àwọ̀ ṣí, torí pé ó ti fọ́ apá ibi tó ń gbé àwọ̀ nínú aró. Àmọ́ kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló fọwọ́ kọ́wọ́ yípo nínú benzene, ọwọ́ wọn sì le. Agbára bílíìṣì ò ká a. Èyí tó tún burú ni pé tí kílórínì bá bá ewé jíjẹrà pàdé nínú omi, wọ́n lè di chloroform. Johannes Rook ló ṣàkíyèsí ìyẹn ní Rotterdam, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1974.

Ohun tó lè já ọwọ́ wọn ni hydroxyl radical. Ọdún 1894 ni H. J. H. Fenton, ará Cambridge, kọ̀wé pé tí irin tó ti yòrò sínú omi bá pàdé hydrogen peroxide (irú èyí tí wọ́n fi ń nu egbò), wọ́n lè yí kẹ́míkà míì padà. Lẹ́yìn náà làwọn míì tó mọ̀ pé hydroxyl ló ń jà níbẹ̀. Electron kan ṣoṣo ni hydroxyl fi kù díẹ̀ káàtó, ebi ẹ̀ ń pa á burúkú. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, benzene á já sí wẹ́wẹ́ títí á fi di omi àti carbon dioxide, bí ẹni pé wọ́n dáná sun ún nínú omi.

Ní Amẹ́ríkà, tí tánkì ilé epo bá jò, wọ́n lè gbẹ́ ihò yí ibẹ̀ ká kí wọ́n rọ kẹ́míkà yìí sínú ilẹ̀. Omi aró tó ń ṣàn kúrò nídìí àdìrẹ náà lè gba irú ìtọ́jú yìí. Kò rọrùn ṣá o: omi gbọ́dọ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹrẹ̀ pupa á sì ṣẹ́ kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán an wò nínú kànga yín. Hydrogen peroxide tó le ń jó ara. Tí iṣẹ́ náà bá sì dúró lágbede méjì, benzene á di phenol. Ẹ wá da bílíìṣì lé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí oògùn ọsibítù.

Kànga tó bá ń rùn bí bẹntiróò, ẹ má mu ún, ẹ má sè é, ẹ má ṣáná sí ìsaasùn nítòsí ẹ̀. Bíbu epo tó léfòó kúrò ò tó, torí benzene ti yòrò sísàlẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò tí kànga wọn wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì jọ fẹjọ́ sun OGEPA, kí wọ́n wá yẹ omi náà wò, kí wọ́n sì wá ibi tí epo ti ń jò.