Rélùwéè Tí Mo Kọ́ Sínú Yàrá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó láya, tí ó bímọ, tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, kí ni ó fẹ́ fi rélùwéè ìṣeré ṣe? Ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí gan-an nìyẹn, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń bi mí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan ń kó kúrò nílé, ó sì ra ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ó dì í sínú páálí, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi ọkùnrin. Orí ọkọ̀ kan, kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, wágùnù ẹrù márùn-ún, irin tí ó tó yí ká lẹ́ẹ̀kan, àti àpótí kékeré tí a fi ń darí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onípẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún bí a ti ń lò ó níhìn-ín, nítorí náà mo ti àpótí náà bọ ara ògiri láìwá ohunkóhun kún un. Mo to irin náà sí ilẹ̀ pálọ̀, mo yí bọ́tìnnì, ọkọ̀ náà sì rìn! Ọmọ pariwo, ó jó, nígbà tí ó ṣe oorun gbé e lọ. Èmi ni mo jókòó ti ọkọ̀ náà títí wọ́n fi mú iná lọ.

Kí ẹ má baà rò pé èmi nìkan ni orí mi dà rú, àwọn àgbà ti wà nídìí eré yìí ṣáájú mi. Ní ọdún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì fi nọ́ńbà sí ìwọ̀n fífẹ̀ irin ìṣeré, kí ẹni tí ó bá ra díẹ̀ lónìí lè ra díẹ̀ kún un lọ́la kí méjèèjì sì bára mu. Ní ọdún 1920, Frank Hornby ti Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni W. Awdry, ẹni tí ó kọ ìtàn Thomas, ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ọmọ yín ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1945 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ a sì máa kọ́ rélùwéè kékeré, a máa gbé e lọ sí ibi àfihàn. Olórin nì, Rod Stewart, fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún kọ́ tirẹ̀ kí ó tó fi han ayé ní ọdún 2019. Mo ka gbogbo èyí fún ìyàwó mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi olórin yẹn sílẹ̀. Olówó ni."

Èmi ti rò ó pé ìlú Ìbàdàn títí dé Èkó ni mo máa kọ́. Ìṣirò ni ó là mí lójú. Irú irin tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, OO ni wọ́n ń pè é, ìdá kan nínú 76 ni ohun gbogbo lórí rẹ̀ jẹ́ sí ohun gidi. Kọ́ọ̀ṣì tí ó gùn ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà yóò di íǹṣì mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, kìlómítà 157 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà 76, ó ṣì lé ní kìlómítà méjì. Ta ni ó ní yàrá tó bẹ́ẹ̀? Mo gbé Èkó jù sílẹ̀, mo gbé Ìbàdàn jù sílẹ̀, mo ní téṣọ̀n kan ṣoṣo ni kí n kọ́, irú èyí tí ó wà ní apá Òṣogbo nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Lórí tábìlì ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe. Ẹ má ṣe lo tábìlì tí kò tó ẹsẹ̀ mẹ́rin ní ìbú fún irú irin yìí, nítorí ọkọ̀ náà kò lè ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Kí ó tó yípo tán láìṣubú, yóò gba nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Tábìlì náà ni ó fa ìjà. Yàrá kan ṣoṣo ni ó ṣófo nínú ilé wa, ìyàwó mi ni ó sì ń kó páálí ọjà rẹ̀ sí i: ọṣẹ, mílíìkì, ìṣáná. Ó tún ku èyí tí ó burú jù. Èésú kàn mí ní oṣù yẹn, a sì ti jọ sọ ọ́ pé owó náà yóò kún owó ọjà rẹ̀. Mo mú nínú rẹ̀. N kò mú púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mú un, n kò sì sọ. Pákó, ìṣó, wáyà àti orítà irin méjì ni mo fi rà. Ọjọ́ tí káfíńtà gbé pákó wọlé ni àṣírí tú. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ka owó tí ó kù, ó tún un kà, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ.

Káfíńtà ni ó wá ọgbọ́n sí ọ̀ràn yàrá. Ó gbé tábìlì náà ga dé ìbàdí, kí páálí lè wọ abẹ́ rẹ̀. Owó tí mo kó jẹ, mo ń san án padà díẹ̀díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò.

Lẹ́yìn èyí, n kò náwó mọ́ bí kò ṣe agbára. Òkè tí ó wà lórí tábìlì mi, ìwé ìròhìn àtijọ́ ni (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ̀yin olóòtú). Mo ká a ní ọ̀rúnrún, mo fi síítáàṣì gbágùúdá pọ́n ọn ní ìpele mẹ́rin, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Àwọn eku jẹ òkè kan tán lóru ọjọ́ kan. Koríko ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo tọrọ lọ́wọ́ káfíńtà, tí mo rẹ sínú aró àwọ̀ ewé. Yanrìn tí mo fi asẹ́ èlùbọ́ jọ̀ ni òkúta tí ó wà láàárín irin. Ilé ni ó dùn mọ́ mi jù. Páálí ni ògiri, agolo mílíìkì tí mo gé, tí mo sì fi ẹnu abẹ́ fà ní ìlà-ìlà, ni páànù orí rẹ̀. Nígbà tí mo wo páànù náà tí ó ń dán, mo rí i pé irọ́ ni. Páànù ìlú wa wo ni ó ń dán? Mo po erùpẹ̀ pupa mọ́ omi, mo fi kùn ún, ó sì di Òṣogbo.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iná rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ó kù díẹ̀ kí n ti jó ilé. Irin méjèèjì ni wáyà fún ọkọ̀ náà. Iná bátìrì, ti fóltì 12, gba inú irin kan wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó yí ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀, ó sì gba irin kejì padà. Bí a bá fi iná kún un, ó sáré. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì, ó padà sẹ́yìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí n kò rò ni pé mo ti to irin mi kí ó jáde láti téṣọ̀n, kí ó yípo òkè, kí ó sì tún gba ojú irin kan náà padà wálé. Ẹ fi ìka yín tọ ipa irin ọ̀tún, ẹ ó rí i pé bí ó ti yípo dé, irin òsì ni ó bá pàdé! Iná lílọ àti iná bíbọ̀ forí sọ ara wọn.

Àpótí ìdarí tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá mọ èyí, ó ń pa ara rẹ̀. Èmi ní ó ti bàjẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, mo yọ bátìrì ọ̀kadà ẹni tí ó ń gbé ilé kejì, mo so ó mọ́ irin tààrà, láìsí fíùsì. Bátìrì kò mọ bí a ti ń pa ara ẹni. Kí n tó ṣẹ́jú, wáyà ti pọ́n bí ẹyin iná, rọ́bà rẹ̀ ń yọ́, ó ń kán sílẹ̀, èéfín sọ. Páálí ìṣáná ni ó wà lábẹ́ tábìlì. Mo dúró bí ère. Ìyàwó mi ni ó sáré wọlé, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó sì fa wáyà náà já. Gèlè jó. Ọwọ́ rẹ̀ kò jó, ọpẹ́ ni fún Olúwa. N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún àwọn àna mi.

Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wa ni ó kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ. Ẹ gé irin méjèèjì ní ẹnu ìyípo náà, ní ìwọlé àti ní ìjáde, kí ó dá dúró. Iná rẹ̀ yóò máa lọ ní ọ̀nà kan. Irin ìyókù ni kí ẹ so súwíìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú ìyípo, ẹ yí súwíìsì náà, ìgbà tí ó bá jáde, iná yóò ti bá a mu. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo bátìrì, fíùsì ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ọkọ̀ kan kì í jẹ iná tó ámpíà kan, nítorí náà fíùsì ámpíà méjì ti tó. Bátìrì kì í gbé tòsí ọjà mọ́ nílé wa.

Nígbà tí bàbá mi wá kí wa láti Òṣogbo, mo fi ìgbéraga mú wọn wọ yàrá. Ọdún 1966 ni wọ́n wọ iṣẹ́ rélùwéè, orítà irin ni wọ́n ń yí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo irin mi, wọ́n ní, "Irin yìí kì í ṣe tiwa."

Mo ní, "Báwo ni, Bàbá?"

"Ó fẹ̀ jù."

Mo mú rúlà. Ìwọ̀n 16.5 mìlímítà ni àárín irin náà. Irin àtijọ́ ilẹ̀ wa, èyí tí ó dé Ìbàdàn tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1901, ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 14 ni ì bá jẹ́. Ojú bàbá tó! Bẹ́ẹ̀ kò tún bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀ ni tiwọn, tí ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 19. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré, ẹ́ńjìnnì ìṣeré ayé ìgbà náà kò wọ inú rẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe ara ọkọ̀ tóbi sí i, wọ́n sì fi irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń bá eré lọ.

Bàbá kò bínú sí irin náà pẹ́. Ohun tí ó bí wọn nínú ni bí a ti ń wa ọkọ̀. "Ta ni ó fún un láṣẹ kí ó jáde?" Wọ́n ní lójú irin kan ṣoṣo, ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ pàdé, nítorí náà ọ̀pá àṣẹ kan ni ó wà fún apá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ tí kò bá gbà á lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣí. Wọ́n gé pákò méjì, wọ́n kun ọ̀kan ní pupa, wọ́n kun ìkejì ní búlúù. Láti ìgbà náà ni a ti ní aago àti ìwé ìrìn. Ní agogo mẹ́rin, ọkọ̀ èrò wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ kòkó, tí a ní láti já wágùnù rẹ̀ sí ẹ̀ka irin tí kò gbà ju mẹ́ta lọ. Èwo ni yóò kọ́kọ́ wọlé, èwo ni yóò dúró níta? Ìṣirò tí ó wà nínú èyí ju ti ìwé tí mo fi ń kọ́ kíláàsì karùn-ún lọ.

Nígbà ọyẹ́, a fi aṣọ tí a rẹ sínú sípírítì nu ojú irin kí ọkọ̀ tó jáde, nítorí eruku kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ má fi yanrìn pépà họ ọ́. Ojú tí a bá họ á máa gba ìdọ̀tí sí i ni.

Bàbá ti padà sí Òṣogbo. Lọ́jọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo wọ yàrá, mo fẹ́ gbé ọkọ̀ èrò jáde díẹ̀ kí n tó lọ sí ìpàdé. Ọmọ mi di pákò pupa mú sẹ́yìn, ó ní ọkọ̀ kòkó ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo pe ìyá rẹ̀ kí ó bá mi dá sí i. Ìyàwó mi yọjú láàárín páálí mílíìkì, ó wo aago, ó ní, "Tíṣà, ó ku ìṣẹ́jú méje. Ẹ dúró."