Àdúrà Tó Parí Sínú Òkùnkùn

Bí a bá fẹ́ tu ọmọ ìjọ nínú nígbà ọ̀fọ̀, obìnrin ará Ṣúnémù ni a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ rẹ̀ kú, síbẹ̀ ó ní àlàáfíà ni. Láti ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ni pé onígbàgbọ́ kì í fi ẹnu rẹ̀ sọ ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka 2 Àwọn Ọba 4 kọjá ẹsẹ 26. Ọkọ rẹ̀ àti Géhásì ni ó dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì bi í léèrè bóyá òun ló tọrọ ọmọ. Géhásì fẹ́ tì í kúrò. Wòlíì ló ní kó fi í sílẹ̀, nítorí pé ọkàn obìnrin náà bàjẹ́, Olúwa kò sì tíì fi ìdí rẹ̀ han òun.

Púpọ̀ nínú àwa òjíṣẹ́ ti ṣe iṣẹ́ Géhásì rí. Èmi náà ti ṣe é. Opó kan ń sunkún níwájú mi, mo ní kó sọ pé ó dára. Ó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi mọ́.

Orí kan wà nínú ìwé Sáàmù tí a kì í sábà wàásù lé lórí, ìyẹn orí 88. Orin Dáfídì ni a ń pe ìwé náà, ṣùgbọ́n orúkọ Hémánì ló wà lórí èyí. Nínú sáàmù ìráhùn bí orí 13, ẹkún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orin ló parí rẹ̀. Ti Hémánì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹsẹ 18, tí í ṣe ìparí, ọ̀rẹ́ ti lọ, ojúlùmọ̀ ti lọ, òkùnkùn sì ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ní èdè Hébérù. Kò sí halelúyà níbẹ̀.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà? Ẹ wo ẹsẹ 1, 9 àti 13. Ó ké pe Olúwa tọ̀sán-tòru, ó pè é lójoojúmọ́, ó tún pè é ní òwúrọ̀. Ó tilẹ̀ sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló lé àwọn ọ̀rẹ́ òun jìnnà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ló ń sọ ọ́ fún. Ibí yìí ni ó ti yàtọ̀ sí kíkùn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì: Diutarónómì 1:27 sọ pé inú àgọ́ wọn ni wọ́n ti ń kùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn. Hémánì ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ẹ̀yin tí wọ́n rán lọ sí ibùdó tuntun, tí ẹ kò mọ ẹnì kan níbẹ̀, tí ẹ sì ń dá sunkún lóru lẹ́yìn ìsọjí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín kí ó tó kan ìjọ yín. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé Róòmù 8:26 ka ìkérora mọ́ àdúrà.

Bí ẹ bá sì lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ ka orí 88 pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dúró ní ẹsẹ 18, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má sáré bọ́ sí orí 89.