ÌLÚ YUBARI ÀTI GBÈSÈ RẸ̀

Ilẹ̀ Jàpáànì ni a fẹ́ mú yín dé lónìí, sí ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Yubari. Àárín òkè ni ó wà, ní erékùṣù Hokkaido níhà àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù.

Èédú inú ilẹ̀ ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú. Ní ọdún 1888 ni a rí i, àwọn awakùsà sì rọ́ wá. Nígbà tí ó fi di ọdún 1960, àwọn ará ìlú ti ju 116,000 lọ. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì gba ọjà lọ́wọ́ èédú. Ní ọdún 1981, gáàsì àti iná pa ènìyàn 93 nínú ihò ìwakùsà kan. Ní ọdún 1990, a ti èyí tí ó kẹ́yìn pa.

Àwọn alákòóso kò fẹ́ kí ìlú ó tú. Wọ́n yá owó, wọ́n kọ́ ọgbà ìṣeré àti ilé àlejò, ṣùgbọ́n àlejò kò pọ̀ tó. Ni wọ́n bá ń yá owó tuntun san ti àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi ìṣirò bo àdánù mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ibi tí irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ ń yọrí sí. Ní ọdún 2006 àṣírí tú. Ní ọdún 2007 ìjọba ilẹ̀ náà fi ìlú sábẹ́ àbójútó, pẹ̀lú gbèsè tí ó ju bílíọ̀nù 35 yen lọ.

Ta ni ó wá ń san án? A gé owó oṣù olórí ìlú, a sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Ilé ìwòsàn tí ó ní ibùsùn 171 di oníbùsùn 19. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà di ẹyọ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ. Ní ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn tí ó kù fi díẹ̀ lé ní 7,000.

Síbẹ̀, oko kò já wọn kulẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Yubari ń gbin irú bàrà dídùn kan tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ní ọdún 2019, méjì péré nínú èso àkọ́so rẹ̀ ni a rà ní mílíọ̀nù 5 yen ní gbàǹjo.

Àwọn baba wa ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Yubari, àwọn ọmọ ni ó ru igbá. Kí gbogbo ìlú tí ń tọwọ́ bọ ìwé owó yíyá rántí èyí.