Owó Ìrànwọ́ Kòrónà l'Amẹ́ríkà: Kí Ló Dé Tí Ti Àwọn Àgbẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú Fi Kéré Tó Bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àrùn kòrónà ṣe rọ̀ lé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ní ọdún 2020. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé oúnjẹ ti ìlẹ̀kùn, àwọn tó ń sin màlúù sì ń da wàrà nù nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí àrùn wọ àwọn ilé ìpẹran ńláńlá, tí wọ́n tì pa, ńṣe ni àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ń pa ẹran tí wọn kò rí tà, tí wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ìjọba Ààrẹ Donald Trump na agboòrùn sí wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ó kéde bílíọ̀nù 16 dọ́là tí wọn yóò fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ tààrà. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó ṣèlérí iye tó lè tó bílíọ̀nù 14 mìíràn.

Ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó wà ní àwọn káúńtì, èyí tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni àgbẹ̀ ti ń béèrè owó yìí. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò gba àlejò lásìkò náà. Orí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń dá àgbẹ̀ lóhùn. Àgbẹ̀ arúgbó tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé abúlé rẹ̀ ti rí ìdíwọ́ kìíní nìyẹn.

Ìdíwọ́ kejì wà nínú ìṣirò. Iye ẹran àti irè oko tí àgbẹ̀ ní ni wọ́n fi ń wọn owó fún un, kì í ṣe bí ìyà ṣe jẹ ẹ́ tó. Olóko ńlá lè gba 250,000 dọ́là. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ni ilé-iṣẹ́ oko kan, ó lè tó 750,000. Ẹni tó ní màlúù márùn-ún, ti màlúù márùn-ún ni yóò gbà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Tom Vilsack, tí Ààrẹ Joe Biden fi ṣe akọ̀wé ìjọba fún ètò ọ̀gbìn, tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní nínú owó tó súnmọ́ bílíọ̀nù 26 dọ́là, mílíọ̀nù 20.8 péré ló kan àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú kòrónà. Ní ọdún 1920, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí 925,000 l'Amẹ́ríkà. Lónìí, nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, wọn kò pé méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ́fíìsì káúńtì kò yá lówó, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tí àsìkò ìgbìn ti kọjá ni owó tó dé. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti bọ́ kò padà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bọ́, kí ni yóò kà fún ìjọba?

Ní ọdún 2021, ilé aṣòfin ya bílíọ̀nù 4 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi san gbèsè àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun gba ilé-ẹjọ́ lọ, wọ́n ní ojúsàájú ni. Adájọ́ sì dá owó náà dúró. Ní ọdún 2022, wọ́n fagi lé òfin yẹn, wọ́n sì fi bílíọ̀nù 2.2 rọ́pò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lórí owó yíyá, láìka àwọ̀ sí. Oṣù keje ọdún 2024 ni nǹkan bí bílíọ̀nù 2 tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní 43,000.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ìjọba gbogbo tó bá fẹ́ pín ìrànwọ́. Bí ó bá jẹ́ ohun tí oníkálùkù ti ní tẹ́lẹ̀ ni a fi ń wọn agboòrùn, ẹni tó ní ilé ni yóò gba èyí tó tóbi jù, ẹni tó wà ní gbangba ni òjò yóò sì pa.