Oògùn HIV kì í pa kòkòrò náà tán: Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń lò ó dá a dúró

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tíì gbàgbé oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, kéde fáwọn oníròyìn pé àìsàn éèdì ló pa àbúrò òun, Fela Anikulapo-Kuti. Lásìkò náà, bí ìgbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún èèyàn ni kí wọ́n sọ fún un pé ó ní kòkòrò HIV lára. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó sì ń lò ó déédéé, lè pẹ́ láyé bíi ti ẹlòmíràn, ó sì lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà lára.

Wàhálà tó kù ni pé àwọn kan máa ń dá oògùn náà dúró láìsọ fún dókítà. Àwọn kan ní ara àwọn ti yá, àwọn mìíràn ní oògùn náà ń da àwọn láàmú. Kí èèyàn tó lè mọ ewu tó wà níbẹ̀, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe.

Bí kòkòrò náà ṣe ń ṣọṣẹ́

HIV kò lè dá bí sí i. Àfi kó wọnú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, kó sì sọ ibẹ̀ di ilé iṣẹ́ tí yóò ti máa ṣe irú ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì CD4, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara, ló máa ń wọ̀. Bó bá ti wọlé, yóò ṣe àdàkọ ara rẹ̀ lọ́nà tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi lóye rẹ̀, yóò ki àdàkọ náà bọ àárín àṣẹ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, ni sẹ́ẹ̀lì yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe HIV tuntun jáde. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ife àtàwọn àìsàn mìíràn yóò máa ráyè wọlé. Ìgbà tó bá dé orí èyí ni wọ́n ń pè é ní éèdì.

Ibi tí oògùn ti ń dènà

Ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí zidovudine, oògùn HIV àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lò ó lóun nìkan, kòkòrò náà máa ń yíra padà, oògùn kò sì ní ràn án mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1996 ni àwọn dókítà ti ń lo oògùn mẹ́ta pọ̀, kí kòkòrò tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan má baà bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ní Nàìjíríà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú lọ́dún 2002, tí aláìsàn ń san ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù, kó tó di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2006.

Lónìí, hóró kan ṣoṣo lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Tenofovir àti lamivudine tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí HIV rí àdàkọ ara rẹ̀ ṣe, dolutegravir kì í sì í jẹ́ kí àdàkọ náà wọ àárín àṣẹ sẹ́ẹ̀lì. Kòkòrò yóò dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò ní rí i mọ́. Ẹni tó bá wà ní ipò yìí kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán lára. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sápamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn, níbi tí oògùn kò lè dé. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kòkòrò náà sábà máa ń padà jáde. Ẹni tó bá ń lò ó lónìí, tó ń fò ó lọ́la, ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe borí oògùn ni.

Ìnira tó wà nínú oògùn

Òótọ́ ni pé oògùn yìí ní ìnira tirẹ̀. Zidovudine lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára, nevirapine lè mú kí ara sú tàbí kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, efavirenz sì máa ń fa òòyì àti àlákálàá. Stavudine tó ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn sínú ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa yọ kúrò lọ́dún 2009. Àwọn tó wà lóde báyìí fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ dolutegravir lè fa orí fífọ́, àìróorunsùn àti ara sísan, tenofovir sì lè ṣàkóbá fún kíndìnrín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè.

Púpọ̀ nínú ìnira yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá sú tòun ti ibà, tí ojú bá pọ́n bí ọṣẹ̀ ibà pọ́njú, tàbí tí ìtọ̀ bá dín kù, kí èèyàn tètè lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn fún un. Kó sì sọ gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò, títí kan àgbo, oògùn ikọ́ ife àti oògùn inú títa, nítorí àwọn kan lè dí dolutegravir lọ́wọ́. Ẹni tó tún ní àrùn mẹ́dọ̀wú ẹ̀yà B gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí pé bó bá dá tenofovir dúró lójijì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́ gidigidi.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Ìnira oògùn ni lápálápá, HIV ni ẹ̀tẹ̀. Ẹni tí oògùn bá ń yọ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.